Ọmọ mi ń di etí níbi tí ariwo bá wà. Kí lẹ̀yin ń ṣe sí i?

Ìyá Àkànní (Kubwa)

Ẹ kú ilé o. Ó tó ọdún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò dá sí i rí. Ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá ló mú mi la ẹnu lónìí.

Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́fà lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ́tísìmù ni wọ́n pè é, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mọ gbogbo ọ̀nà láti Kubwa dé Berger ní Abuja níbí, tí dẹ́rẹ́bà bá yà síbi tí kì í yà sí, ó máa bá a wí. Ariwo ni wàhálà wa. A lọ síbi ìsọmọlórúkọ àwọn ará wa kan ní Karu. Kánópì mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ méjì lẹ́yìn ilé, sípíkà méjì tó ga ju èmi lọ, onídùndún kan, ẹ̀mísíì kan tí kò mọ̀ pé máìkì wà lọ́wọ́ òun. Ọmọ jókòó jẹ́jẹ́, ó ń jẹ àkàrà rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí sípíkà ṣe fọn "fíííí" báyìí, ó yọ̀ lórí àga, ó wọ abẹ́ tábìlì, ó fi àtàńpàkò méjèèjì di etí, ó ń kùn "ùùùn, ùùùn" bí oyin. Mo pè é, kò dáhùn. Mo fà á, ó ta mí nípàá. Ìyá àgbà kan ní kí n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ọmọ ẹgbẹ́. Ẹlòmíràn ní àkẹ́jù ni. Mo gbé e jáde sínú oòrùn, a dúró ti ọkọ̀. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó yọ ọwọ́ kúrò létí.

Ohun tí kò yé mi rèé. Ọmọ yìí kan náà, mo lè pè é lẹ́ẹ̀mẹta nínú yàrá tí kò ní dáhùn, àmọ́ tí ọwọ́ mi bá kan ọ̀rá bisikíìtì ní kíṣìnnì, ó ti dé. Ṣé etí rẹ̀ mú jù ni àbí ó di?

Bàbá Kàdúná

Ẹ kú ìnira, mà. Ìbéèrè tí èmi náà gbé lọ bá dókítà nìyẹn. Kí ẹ kọ́kọ́ yẹ etí wò, ẹ má fi ọkàn dá a. Ilé ìwòsàn etí ti ìjọba àpapọ̀ wà níbí ní Kaduna, ìyẹn National Ear Care Centre, ibẹ̀ la gbé tiwa lọ. Ọmọ tí kò lè sọ pé "mo gbọ́" kò dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n á ki nǹkan kékeré kan bọ etí rẹ̀, yóò ta ìró sínú, yóò sì gbọ́ ìró tín-ín-rín tí inú etí fúnra rẹ̀ dá padà. Òmíràn tún wà, tí ọmọ bá ti sùn, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ iwájú orí àti ẹ̀yìn etí, wọ́n á wo bí ìró ṣe ń gba iṣan lọ sí ọpọlọ.

Etí tiwa mọ́ ṣáká. Kí n má parọ́, inú mi ò dùn lọ́jọ́ náà. Mo ti ń retí kí wọ́n ní ìdọ̀tí ló dí i, ká yọ ọ́, ká máa lọ sílé.

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ (Gwagwalada)

Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ, ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí ẹ̀. Ìyá Àkànní, tí àyẹ̀wò bá ti ní etí dára, a jẹ́ pé kò di, kò sì mú jù. Etí ń gba ìró wọlé ni, ọpọlọ ló ń ṣa ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ rántí bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Gbogbo ohun tó dún ní Karu lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀mísíì, ṣíbí tó ń kan abọ́, ọmọ jòjòló tó ń ké, ó wọ etí yín bó ṣe wọ tirẹ̀. Ọpọlọ tiyín sẹ́ ẹ. Ohùn ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kọjá sísàlẹ̀, ìyókù kú sínú asẹ́ bí èèrí. Ní ti ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ògì àti èèrí ló jọ ń dà sínú ìkòkò kan, ohùn ìyá rẹ̀ kò sì wúwo ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Èyí ló fà á tí ẹ fi pè é lábẹ́ tábìlì tí kò dáhùn. Kò kọ̀ yín, ẹ kàn di ọ̀kan lára ariwo ni.

Níbi tí èrò bá pọ̀ sí, ariwo kì í dọ́gba, ó ń ròkè, ó ń wálẹ̀. Àwa yòókù máa ń jí ọ̀rọ̀ gbọ́ nínú àlàfo yẹn, bí ẹni tó ń sọdá títì ní Nyanya: ọkọ̀ kan kọjá, o bọ́ síbẹ̀ kí èkejì tó dé. Ìwádìí kan tó jáde láti Cambridge lọ́dún 2004 rí i pé àwọn tó ní ọ́tísìmù kì í rí àlàfo náà lò tó àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n dúró sétí títì, ọ̀rọ̀ ń kọjá lọ.

Ìró tó ń lọ léraléra tún máa ń kú létí wa. Ẹ tan fáànù, tó bá pẹ́ díẹ̀ ẹ ò gbọ́ ọ mọ́. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kì í tètè kú. Ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn náà, fáànù ṣì jẹ́ àlejò. Ìdáhùn ọpọlọ náà tún máa ń pẹ́ díẹ̀: ní Philadelphia, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, ọpọlọ àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ kó tó jẹ́ ìpè ìró ju ti àwọn ọmọ mìíràn. Ó kéré lójú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ń sáré, ìró kan ò tíì délé tí èkejì ti ń kanlẹ̀kùn.

Nítorí náà, ẹ má pariwo pè é láti òkèèrè. Ariwo yín á kún ti tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹ sọ gbólóhùn kúkurú kan, "ó yá, a ń lọ síta", kí ẹ dákẹ́, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú kí ẹ tó tún un sọ. Ibi tí gbogbo ìyá ti ń ṣubú nìyí. A kì í lè ka ẹ̀wá, tí a bá ti ka ẹ̀ta a ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi dandan mú un wo yín lójú o, ẹ kàn jẹ́ kí ẹnu yín wà níbi tó ti lè rí i. Àwa náà máa ń fi ojú wo ẹnu gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ariwo. Àwọn oníwàádìí ní New York rí i lọ́dún 2013 pé ó máa ń ṣòro fún ọmọ ọ́tísìmù tí kò tíì tó ọdún 13 láti so ẹnu tó ń rí pọ̀ mọ́ ohùn tó ń gbọ́, pé tí wọ́n bá ti ń bàlágà, ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́n lọ́rọ̀ nínú wọn máa ń lé àwọn ẹgbẹ́ wọn bá. Ẹ ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ bisikíìtì pa mí lẹ́rìn-ín, gbogbo òbí ló ń bi mí. Ọ̀kan náà ni ìró ọ̀rá yẹn ní gbogbo ìgbà, kì í sì í parọ́, ó dún, bisikíìtì dé. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Lónìí ẹ fi ohùn ìfẹ́ pè é, lọ́la ìbínú, lọ́tùnla ẹ kàn pè é láti mọ ibi tó wà. Kíkùn tó ń kùn yẹn, ẹ má ní kó dákẹ́. Ìró tirẹ̀, tó mọ̀, tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ló fi ń bo ti ayé mọ́lẹ̀.

Àgbà Sábó (Kano)

Ẹ̀yin òbí ayé òde òní. Wọ́n bí mi sí Sabon Gari, abẹ́ ariwo la dàgbà sí, kò sẹ́ni tó di etí. Ọmọ tó bá ń di etí níbi àríyá, ẹ mú un jókòó síbẹ̀, ara rẹ̀ á gbà á. Pàṣán kékeré kan kì í pa ọmọ.

Ọmọ Jos

Bàbá, ẹ kú àgbà, sà. Èmi gan-an ni ọmọ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, mo ti dàgbà kí n tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n màmá mi máa ń di ọwọ́ mi méjèèjì mú lórí itan rẹ̀ kí n má bàa fi di etí, nítorí pé ojú ń tì wọ́n. Ara mi ò gbà á, sà. Ohun tí mo kọ́ ni bí èèyàn ṣe ń jókòó síbi kan tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní mo ti yí padà. Tí a bá délé, èébì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Tí mo bá wọ bùkátéríà kan, tábìlì márùn-ún ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fíríìjì ń kùn. Gílóòbù gígùn òkè àjà ń kùn, ohùn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti fíríìjì. Ẹnìkan ń fi ìsàlẹ̀ ṣíbí ha abọ́, n kì í gbọ́ ìyẹn létí, eyín ni mo fi ń gbọ́ ọ. Olóúnjẹ á wá ní "kí ni kí n bù fún yín?", màá rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú ṣá o. Wọ́n ṣe ìdánwò kan ní London, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin kan nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ọkùnrin kan wá ń kọjá lẹ́yìn, ó ń sọ léraléra pé ìnàkí lòun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ ọ rárá. Àwọn tó ní ọ́tísìmù tó gbọ́ ọ pọ̀ gan-an jù wọ́n lọ. Inverter ni mo ń tún ṣe báyìí. Mo máa ń gbọ́ èyí tó fẹ́ bàjẹ́ nínú bó ṣe ń kùn kí mítà tó sọ ọ́.

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ (Gwagwalada)

Ẹ ṣé gan-an, Ọmọ Jos. Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi, sà. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá ọ́tísìmù mọ̀, 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn mọ́ àwọn àmì rẹ̀. A máa ń fi ìró kọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, kí ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì tó ń pa á. Ẹ gba ohùn bulẹ́ńdà sórí fóònù, kó gbọ́ ọ wẹ́lẹ́ níbi tó ti ń ṣeré. Tó bá ti di kíkì mọ́lẹ̀, ẹ̀rù ló ń kọ́.

Onísípíkà Mararaba

Èmi ni mo ń gbé sípíkà lọ síbi àríyá o, ẹ má fọ́ mi lórí.

Igbe "fííí" yẹn, máìkì ló kọjú sí sípíkà. Ohùn tó jáde tún wọ inú máìkì, ó tún jáde, ó ń yí po títí tó fi di igbe. Ẹ̀mísíì tó bá ń rìn kọjá níwájú sípíkà ló máa ń dá a sílẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ ẹ̀mísíì ni kí ẹ máa wò. Tó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ẹ bo etí ọmọ. Ẹ̀yìn sípíkà sàn ju iwájú lọ, ohùn tó mú bí abẹ́rẹ́ iwájú ló ń kọrí sí, báàsì nìkan ló ń yí gbogbo ilé ká. Ní ìta gbangba, tí ẹ bá sọ àlàfo àárín yín àti sípíkà di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 6 (òun la fi ń wọn bí ìró ṣe pọ̀ tó) ló ń lọ: láti mítà 4 sí 8, 6 lọ, láti 8 sí 16, 6 mìíràn lọ. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi táìsì tẹ́ ilẹ̀ tẹ́ ògiri, ìṣirò yẹn ò ṣiṣẹ́, ṣe ni gbogbo rẹ̀ ń ta padà. Ẹ máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú ilé, kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnnì tó nípọn, fóòmù tí ẹ ò lò mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Ẹyin ló wúlò fún.

Ohun kan tún wà. Ẹ wá bá wa kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní "ibí ni ọmọ mi máa jókòó", a ó yí orí sípíkà kan kúrò níbẹ̀, kò ná wa ní nǹkan kan. Ọdún kọkànlá mi rèé nínú iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó wá sọ ọ́ fún mi rí.

Ìyá Mọdínà (Dutse Alhaji)

Tèmi obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mọ́ṣáláṣí mẹ́rin ló yí ilé wa ká, wọn kì í jọ pe ìrun, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, èkejì á gbà á. Mùsùlùmí ni wá, ẹ fojú inú wo bó ṣe ń rí lára mi tí ọmọ mi bá ń ké sí ìpè àdúrà. Ohun tó gbà wá ni aago. Mo kọ àsìkò ìrun márààrún sára fíríìjì. Tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, òun fúnra rẹ̀ á tẹ ìpè lórí fóònù mi, wẹ́lẹ́ báyìí, á gbọ́ ọ tán, á pa á. Tí ti ìta bá wá dé, ó ti mọ̀ ọ́n. Nísinsìnyí òun ló ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó ku ìṣẹ́jú méjì. Subhi nìkan ló ṣì ń bá a jà, ẹni tó ń sùn ò lè wo aago.

Mo tún ra ìbòtí fún un, irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin máa ń dé sórí. Ní Dei-Dei ni, níbi tí wọ́n ti ń ta bàtà àti akoto àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́. Ẹ dán an wò lórí ọmọ kí ẹ tó sanwó, ti àgbàlagbà máa ń fẹ̀ jù. Òwú tí mo ń ki bọ̀ ọ́ létí tẹ́lẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ (Gwagwalada)

Ìbòtí dára, àmọ́ kó má di fìlà. Ọjà, ọkọ̀, àríyá, ibi tí jẹnẹrétọ̀ bá wà, ó yá. Nílé tó dákẹ́, ẹ bọ́ ọ, torí etí tí a bá ń bò láti òwúrọ̀ dalẹ́ lè túbọ̀ máa sá fún ìró. Tó bá dé e létí títì, kí ọwọ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, kò ní gbọ́ kéke tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tíṣà Lugbe

Ọmọ mọ́kànléláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì mi, méjì nínú wọn bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ láti 1999 pé ariwo ẹ̀yìn nínú kíláàsì kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 35 lọ. Mo fi fóònù wọn tiwa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí n tó sọ̀rọ̀ rárá: 68. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ sórí páànù, n kò wọ̀n ọ́n, mo kọ iṣẹ́ sójú pátákó, mo dákẹ́.

Ohun tó ń dunni jù ni ẹsẹ̀ àga tó ń ha sìmẹ́ńtì. A gé sílípáàsì tó ti já sí wẹ́wẹ́, a fi ìṣó kékeré kàn án mọ́ ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì mi yàtọ̀ láti ọjọ́ náà, fún gbogbo wọn. Mo gbé àwọn méjèèjì kúrò lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀rọ omi, wọ́n wà níwájú lápá ibi tí mo máa ń dúró sí. Kí agogo tó lù, mo máa ń gbé ìka méjì sókè, wọ́n á di etí. Àwọn ọmọ yòókù náà ti ń dì í, eré ni lójú tiwọn.

Agbẹjọ́rò Garki

Ilé ẹ̀kọ́ kan kọ ìbòtí fún ọmọ oníbàárà mi, wọ́n ní kì í ṣe ara yúnífọ́ọ̀mù. Ẹ mọ̀ pé òfin tó ní kí a má ṣe ya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ ti wà, oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i, ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló gbà. Ẹ kọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ fi ìwé dókítà tì í.

Àgbà Sábó (Kano)

Mo ka ti ọmọ Jos yẹn lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà níbí, ẹ má bínú. Ọmọ ọmọ mi kan wà, nígbà Hawan Sallah, tí wọ́n bá ti yin ìbọn, ó máa ń wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ojo la pè é. Màá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyá Àkànní (Kubwa)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n jábọ̀. A lọ yẹ etí wò, ó dára. A ò tíì padà síbi àríyá, n kò ní parọ́. Ọjà Wuse la kọ́kọ́ dán wò, ọjọ́ Tuesday, ní kùtùkùtù, kí àwọn onísípíkà tó ń polówó oògùn tó dé. Ìbòtí wà lọ́rùn rẹ̀, kò dé e. Lójijì ó fà mí láṣọ, ó ní "ẹ̀rọ ata", ó dé ìbòtí. N kò gbọ́ nǹkan kan. A rìn dé ìyànà, ẹ̀rọ ìlọta ló ń lọ lọ́hùn-ún. Mo dúró, mo ń wo ọmọ mi bí ẹni tí mi ò rí rí.

Kíka ẹ̀wá yẹn ń ṣiṣẹ́. Ní bí ẹ̀jọ ni ó máa ń dáhùn. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi ohùn mi bo ìdáhùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀kan ló kù: irun. Kílípà ò ṣe é gbé sún mọ́ ọn, orí rẹ̀ ti di igbó. Ṣé ẹnìkan mọ onígbàjámọ̀ tó ń lo sísọ́ọ̀sì lápá Kubwa?

Àgbà Sábó (Kano)

Ẹ wà lókè Ọya, ẹ sì gbàgbé wanzami, onígbàjámọ̀ àwọn Hausa. Abẹ ló ń lò, kò sí ẹ̀rọ tó ń kùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ máìgádì yín, á mọ ibi tí ọ̀kan wà. Ẹ ra abẹ tuntun dání, kó má lo èyí tó fi fá ẹlòmíràn. Ẹ lọ láàárọ̀, kí èrò tó pé, kí ẹ sọ fún un pé "a hankali", ìyẹn "jẹ́jẹ́".